Ta Ló Ti Sùn Mọ́jú Ní Ifẹ̀?

Ní ọdún tó kọjá, àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Utrecht, ní orílẹ̀-èdè Họ́láńdì, fi ìwé kan ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Ojú ewé mẹ́ta ni. Ó ti ṣètò ọlidé ọjọ́ mẹ́fà fún èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjì, láti ọjọ́ tí a bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú títí di ọjọ́ tí a ó padà. Ó kọ ibi tí a ó sùn síbẹ̀. Ó kọ ọjọ́ tí ó yẹ ká gun ilé gogoro Dom, àti ìdí tó fi yẹ ká gùn ún láàárọ̀ kí èrò tó pọ̀. Ó tilẹ̀ kọ ọ́ pé ká wá ti àwa ti bàtà tó rọ̀, nítorí pé òkúta ni wọ́n tẹ́ sí ojú ọ̀nà àárín ìlú náà, ẹsẹ̀ á máa dunni bó bá di ìrọ̀lẹ́.

Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì ní ọ̀ọ̀dẹ̀ wa ní Ìdí-Àràbà. Iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń bú ramúramù. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà inú bí mi, kì í sì í ṣe àbúrò mi ni mo ń bínú sí. Ara mi ni. Ọdún márùn-ún gbáko ni mo fi kàwé ní yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀, ìlú tó ti di ìlú ńlá kí wọ́n tó fi òkúta àkọ́kọ́ ilé gogoro yẹn lélẹ̀, n kò sì wọ mùsíọ́ọ̀mù Ifẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀gbẹ́ ààfin ló wà. Mo gba iwájú rẹ̀ lọ ra ẹ̀wà, mo gba iwájú rẹ̀ lọ tún bàtà ṣe, mo gba iwájú rẹ̀ lọ wọ ọkọ̀ Èkó. Kò sí ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Èmi ni mi ò wọlé.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Tiwa ti yí padà pátápátá. Oko baba ẹlòmíràn la mọ̀ dunjú. Ní Ìdí-Àràbà níbí, nítorí ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà láàárín wa, ekukáká lẹ máa fi rí ilé tí kò ní dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kan lókè òkun. Àwọn ọmọ wa ń fi fóònù rìn káàkiri Leeds, Houston àti Utrecht. Nígbà tí olùkọ́ ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ní kí wọ́n ya ilé àtijọ́ kan wá láti ilé, Dom ló yà, gogoro bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú fèrèsé rẹ̀. Mo ní kó ya ilé àtijọ́ kan ti ilẹ̀ Yorùbá fún mi. Ó ya ahéré kan tí wọ́n fi koríko bò, ó fi ewúrẹ́ kan sí ẹnu ọ̀nà. Mo bi í pé níbo ló ti rí i. Ó ní inú ìwé àwọn ni.

Ahéré yẹn ló mú mi dìde ní ìpàdé àdúgbò wa. Ní oṣù Kejìlá ọdọọdún, ẹgbẹ́ wa máa ń háyà bọ́ọ̀sì, a ó lọ sí etí òkun, a ó jẹ ìrẹsì, a ó jó, a ó padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo dábàá pé lọ́dún yìí, ká fi owó náà lọ Ifẹ̀, ká sì sùn síbẹ̀ ní òru méjì. Alàgbà kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, tó ti ń gbé àdúgbò yìí kí wọ́n tó bí mi, wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, “Akọ̀wé, o fẹ́ kó wa lọ wo òkúta? Kí ló wà ní Ifẹ̀ ju ọ̀pá kan lọ?” Gbogbo ìpàdé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí ẹnu ò gbà mí láti máa já ọ̀rọ̀ mọ́ àgbà lẹ́nu níwájú èrò. Wọ́n ní ká fi ọ̀rọ̀ náà di ìpàdé tó ń bọ̀. Èsì mi nìyí o, bàbá. Ẹ má bínú bó bá gùn.

Mi ò ní parọ́ mọ́ Utrecht. Ìlú tó yẹ kéèyàn rí ni. Ọdún 1122 ni wọ́n ti fún un ní ẹ̀tọ́ ìlú. Ilé gogoro Dom ga tó mítà 112. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1321, wọ́n parí rẹ̀ ní 1382, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì lé ní 460. Omi kan tí wọ́n ń pè ní Oudegracht gba àárín ìlú kọjá, yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn oníṣòwò ń kó ẹrù sí nígbà náà sì wà létí rẹ̀. Wọ́n ti sọ púpọ̀ nínú wọn di ilé oúnjẹ báyìí. Ṣùgbọ́n ohun tó gbà mí lọ́kàn jù nínú ìwé àbúrò mi ni èyí tó wó. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 1674, ìjì ńlá kan jà ní ìlú náà, ó wó àárín ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀hún lulẹ̀. Wọn ò tún un kọ́. Láti ìgbà náà, ilé gogoro dá dúró níhìn-ín, ìyókù ṣọ́ọ̀ṣì dúró lọ́hùn-ún, gbàgede sì wà láàárín wọn. Àlejò á wá láti òpin ayé, á dúró ní gbàgede yẹn, wọ́n á máa sọ fún un nípa ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Àlejò á mi orí, á ya fọ́tò òfìfo, á lọ ra kọfí.

Bí wọ́n bá lè fi òfìfo ṣe àlejò, kí ló dé tí àwa ń béèrè pé kí ló wà ní Ifẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀pá tí ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn, bàbá. Ọ̀pá Ọ̀rányàn ju mítà márùn-ún lọ. Òkúta líle ni, ìṣó irin ni wọ́n sì gbá mọ́ ọn lára ní ìlà. Ẹ gbìyànjú kí ẹ gbá ìṣó wọ inú òkúta líle lónìí, pẹ̀lú gbogbo irinṣẹ́ tó wà ní Mushin, kí ẹ padà wá sọ bó ṣe rí fún mi.

Ẹ kúrò nídìí ọ̀pá, ẹ wo ilẹ̀. Àpáàdì ni wọ́n tẹ́ sí ojúlé àti ọ̀nà ìlú Ifẹ̀ láyé àtijọ́, wọ́n to ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdúró lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀, wọ́n ń fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ ṣe ọ̀nà sí i láàárín. Àwọn ará Ifẹ̀ ní ayé Lúwòó, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ni wọ́n tẹ́ ẹ, pé kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan òun lẹ́sẹ̀. Obìnrin kan jọba, ó sì ní kí wọ́n tún títì ṣe! Mo mọ àwọn ọkùnrin tó ti di ipò mú ní ọjọ́ tiwa tí wọn ò ṣe tó bẹ́ẹ̀ fún wa ní Ìdí-Àràbà. Nígbà tí àbúrò mi kọ̀wé pé kí n mú bàtà rírọ̀ wá nítorí títì olókùúta, mo ronú kan Lúwòó.

Ní 1938, ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ lẹ́bàá ààfin, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé bá orí idẹ pàdé nínú ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jáde tán, wọ́n ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ojú ènìyàn gidi ni, ètè, ihò imú, ìlà ojú tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Ẹ máa rò pé wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ ni. Àwọn onímọ̀ gbà pé láàárín ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀ ní Ifẹ̀, ìyẹn ni pé nígbà tí wọ́n ń kọ́ Dom lọ́hùn-ún, àwọn kan ń da idẹ níhìn-ín. Ọ̀kan nínú àwọn orí 1938 náà wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Ní 1957, wọ́n tún rí òmíràn ní Ìta Yemòó nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́. Ìlú tó jẹ́ pé bí o bá gbẹ́lẹ̀ láti kọ́lé, ọba lo máa bá níbẹ̀.

Ọkùnrin ará Jámánì kan, Leo Frobenius, ti dé Ifẹ̀ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní 1910. Ó rí orí idẹ kan tí wọ́n ń pè ní ti Olókun, ó wò ó títí, kò sì gbà pé àwọn baba wa ló ṣe é. Ó gbé e fún àwọn Gíríìkì àti fún ìlú Atlantis tí wọ́n ní ó rì sínú òkun. A ti fi ọkùnrin yẹn ṣe ẹlẹ́yà fún ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, ó rìn débẹ̀. Ó wò ó. Èmi tí mo gbà pé àwọn baba mi ló ṣe é, ta ló rí mi ní mùsíọ́ọ̀mù fún ọdún márùn-ún?

Ìlẹ̀kẹ̀ ńkọ́? Àwọn òyìnbó tó kọ̀wé nípa ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró Ifẹ̀ rò fún ìgbà pípẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń yọ́ gíláàsì tó ti òkèèrè wá. Ọmọ Nàìjíríà kan, onímọ̀ ohun inú ilẹ̀, Abídèmí Babátúndé Babalọlá, wa ilẹ̀ Igbó Olókun, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017: láti inú yanrìn àti òkúta ilẹ̀ ara wọn ni wọ́n ti ń ṣe gíláàsì náà, ọgọ́rùn-ún ọdún púpọ̀ kí ọkọ̀ ojú omi òyìnbó tó yọ sí wa. Mo fẹ́ kí ọmọ mi dúró lórí ilẹ̀ yẹn. Mi ò fẹ́ kó kà á nínú ìwé kan, kó sì ya ewúrẹ́ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ní 2009 wọ́n kó àwọn iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ lọ pàtẹ ní Santander ní Sípéènì, ní 2010 wọ́n kó wọn dé British Museum, lẹ́yìn náà wọ́n kó wọn lọ Amẹ́ríkà. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù san owó tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n tò sórí ìlà. Lára àwọn tó sanwó ni ìbátan mi kan tó gbé Mọdákẹ́kẹ́ ní ọdún méje kó tó lọ. Ó pè mí láti Lọ́ńdọ̀nù, ó ń pariwo lórí fóònù pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo ohun tí wọ́n ní a ní!” Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, ó ní wọ́n ní a ní.

Mo mọ ohun tí àwọn kan á kọ́kọ́ sọ, nítorí wọ́n ti sọ ọ́ fún ìyàwó mi ní ṣọ́ọ̀ṣì: òrìṣà ló kún Ifẹ̀, kí àwọn ọmọ má lọ kó ẹ̀mí kẹ́mìí wálé. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Onígbàgbọ́ ni èmi náà. Ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀ṣì Dom tí gbogbo wa ń wù láti lọ yẹn, àwọn ère kan wà tí wọ́n gé ojú wọn dànù ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, nígbà tí àwọn ẹlẹ́sìn Kristi ibẹ̀ pín sí méjì tí ìhà kan ń pe ti ìkejì ní ìbọ̀rìṣà. Àwọn Họ́láńdì ti ja ìjà tí a ń jà yìí, wọ́n sì fi ojú tí wọ́n gé náà sílẹ̀ kí àlejò rí i. Arábìnrin tó ń kìlọ̀ fún ìyàwó mi kò ní gbàdúrà ìdáǹdè lé àwọn ọmọ wa lórí bí a bá ti Utrecht dé. Fọ́tò ló máa ní ká fi hàn òun.

Ti ọ̀nà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, n kò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ẹni tó ní ẹ̀rù ń ba òun kò ṣẹ̀. Ojúmọmọ ni kí á rìn, kí á tètè gbéra, kí á má sì fi àìsùn jẹ ọkọ̀ lóru láti fi owó yàrá pamọ́. Ọkọ̀ ojú irin sì ti ń lọ láti Yábàá wa níbí dé Mọ́níyà ní Ìbàdàn láti 2021. Ẹni tí kò bá fẹ́ títì márosẹ̀ lè gba ibẹ̀ dé ìdajì ọ̀nà.

Ti owó ni kò yé mi. Fún físà àwọn ilẹ̀ Schengen, 90 yúrò ni àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan ń san láti oṣù Kẹfà ọdún 2024, ọmọ ọdún mẹ́fà sí mọ́kànlá sì ń san 45. Fún ìdílé mi, 270 yúrò nìyẹn. Bí wọ́n bá ní rárá, owó náà ti lọ. A ò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì o, a ò tíì ṣe ìwé adójútòfò tí kò gbọ́dọ̀ dín ní 30,000 yúrò, a ò tíì kó ìwé àkáǹtì àti lẹ́tà ibi iṣẹ́ jọ. Ẹni tó bá ní i kó lọ, mi ò di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bí Ọlọ́run bá ṣe é, èmi náà á lọ kí àbúrò mi. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni tó lè fi oṣù mẹ́ta kó fáìlì jọ fún ìlú kan, kò lè fi ìpè fóònù kan ṣoṣo béèrè yàrá ní ìlú kejì.

Ibùsùn ni mo gbà pé ẹ̀bi kì í ṣe tiwa nìkan. Nígbà tí mo lọ síbi ìsìnkú ìyá ọ̀rẹ́ mi ní Ifẹ̀, mo pinnu pé n kò ní bá wọn padà lálẹ́. Mo wọ ilé ìtura kan tí n kò ní dárúkọ. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì bi mí pé ṣé wákàtí méjì ni àbí mọ́jú. Mo ní òru méjì. Ó wò mí, ó wo ẹ̀yìn mi bóyá obìnrin kan ń bọ̀, ó ní, “Ẹ wá ṣe ìsìnkú ni, sà?” Mo ní ìsìnkú ti parí. “Ṣé lẹ́kọ́ra ni yín?” Mo ní rárá, mo fẹ́ wo ìlú ni. Ó rẹ́rìn-ín. Kò gbà mí gbọ́. Omi kò sì yọ nínú ẹ̀rọ títí di àárọ̀, ọmọkùnrin kan ló gbé garawa méjì wá fún mi.

Mi ò bá ọmọbìnrin yẹn bínú. Ẹni tí kò bá ti rí àlejò tó wá sí Ifẹ̀ nítorí Ifẹ̀, báwo ló ṣe máa mọ bí wọ́n ti ń gbà á? Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rọ̀ fún àwọn tó ní agbára. Ní 2016 wọ́n gbé ère Mọrèmi nàró, ẹsẹ̀ bàtà 42. Ó wuyì, mo ya fọ́tò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ère kọ́ ni ohun tó kàn báyìí, ibùsùn ni. Ẹ fún wa ní yàrá tó mọ́, tí omi ń yọ níbẹ̀. Ẹ fún wa ní bébà kan tí a ya ọ̀nà ìlú sí, pẹ̀lú ọmọ Ifẹ̀ kan tó mọ ìtàn, tí iye tí a ó san fún un sì hàn gbangba kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kí á má baà máa ná ìtàn bí ẹni ń ná tòmátì.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo wọ mùsíọ́ọ̀mù ọ̀hún, ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn tí mo gba oyè. Kí n tó débẹ̀, mo jí ní nǹkan bí aago mẹ́fà, mo jáde, mo rìn dé Ènúwá. Ìkùukùu ṣì wà nílẹ̀, obìnrin kan ń gbá iwájú ìsọ̀ rẹ̀, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́yìn ààfin. A kì í dárúkọ Ifẹ̀ ká má sọ pé ibẹ̀ ni ojúmọ́ ti ń mọ́. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sọ. Ṣùgbọ́n aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la ti máa ń wá ọkọ̀ Èkó, ta ló ń dúró kí ojúmọ́ náà bá a níbẹ̀?

Nítorí náà mo ti ṣe tèmi. Mo jókòó, mo kọ ìwé bíi ti àbúrò mi, ojú ewé méjì. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́bọ̀, a ó gbéra ní Ìdí-Àràbà. A ó dúró ní Ìkirè ra dòdò, kí ẹnikẹ́ni má sì ra ju èyí tó lè jẹ tán lọ nítorí epo rẹ̀ máa ń ba aṣọ jẹ́. A ó dé Ifẹ̀ kí oòrùn tó kàtàrí. Ọ̀sán ọjọ́ náà, iyán àti oorun nìkan. Ọjọ́ Ẹtì: mùsíọ́ọ̀mù láàárọ̀, kí ara àwọn ọmọ ṣì le, lẹ́yìn náà Ọ̀pá Ọ̀rányàn, lẹ́yìn náà Òkè Ìtasẹ̀, ibi tí Àràbà wà, olórí àwọn babaláwo, kí àwọn ọmọ àdúgbò tí wọ́n fi igi àràbà sọ lórúkọ lè béèrè lọ́wọ́ wọn bí orúkọ méjèèjì ṣe jẹ́. Ìrọ̀lẹ́, ọgbà yunifásítì. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO ti kà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé láti 2005, ká tó máa bọ̀ nílé. Mo kọ nọ́ńbà ilé ìtura mẹ́ta síbẹ̀, mo ti pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì bi wọ́n nípa omi.

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ìpàdé wa. Mo ti tẹ ẹ̀dà ogójì. Ọmọ mi bá mi ya àwòrán sí ojú ewé àkọ́kọ́, orí kan tó ní ìlà lójú. Ó ní òun ò tíì rí i rí, nítorí náà bí imú rẹ̀ kò bá dára, kí n má bínú, òun á tún un yà bí a bá dé.